Oòrùn Ẹ̀yìn Ilé Ìdáná Wa

Ọjọ́ Ajé, 9 Oṣù Òkúdu

Tiransifọ́mà àdúgbò wa ti jó, kò sì jọ pé ẹnikẹ́ni máa tún un ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Láti ìgbà tí ọsibítù Abẹ́òkúta ti dá Bàbá Délé padà sílé pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fún wọn ní èémí, iná ìjọba la ń gbójú lé lóru, sólà lọ́sàn-án. Ní báyìí, sólà nìkan ló kù. Oòrùn tó bá ràn lọ́sàn-án ni bátìrì máa gbà sínú, òun náà ni ẹ̀rọ máa lò di àárọ̀. Inú oṣù òjò sì la wà.

Ọmọ́délé pè láti Ìbàdàn. Ọmọ mi yìí kì í fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní tí iná ilé wa ò bá lè gbé bàbá òun di àárọ̀ nígbà tí a bá fi máa parí sáà yìí ní iléèwé, òun máa wá gbé wọn lọ sọ́dọ̀ òun, níbi tí iná kì í ti í lọ. Mo ní ó dáa. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Bàbá Délé gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ibùsùn, wọ́n kọjú sógiri. Wọn ò fẹ́ lọ rárá. Inú ilé yìí ni wọ́n bí wọn sí, wọ́n sì ti sọ fún mi pé bí Ọlọ́run bá fẹ́ pe àwọn, kó wá pè wọ́n ní Ayétòrò níbí.

Èmi náà ò fẹ́ kí wọ́n lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe ọ̀gá iléèwé, ó ti pẹ́ tí mo ti ń mú àwọn olùkọ́ alágídí sọ́nà. Bátìrì kan ò ní wá sọ mí di aláìmọ̀kan nínú ilé mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Òkúdu

Mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo yọ fìríìjì kúrò lára iná, mo kó aṣọ sínú rẹ̀. Mo yọ gílóòbù kúrò níbi tí kò bá pọn dandan. Ìróònù oníná, ó dìgbóṣe, eléèédú ni màá máa lò. Ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ata, ó dìgbóṣe, ọlọ wà lẹ́yìn ilé. Bàbá Délé bẹ̀ mí pé kí n ṣáà fi ìròyìn alẹ́ sílẹ̀ fún àwọn lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo ní rédíò wà. Wọ́n wò mí bí ọmọ tí wọ́n gba súìtì lẹ́nu rẹ̀. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò dá tẹlifíṣọ̀n náà padà.

Ọjọ́bọ̀, 12 Oṣù Òkúdu

Adúmáadán dé láti Òkè-Ọ̀dàn. Ẹ̀gbọ́n Bàbá Délé obìnrin ni. Orúkọ tí mo sọ wọ́n lọ́jọ́ tí mo wọlé ọkọ náà ni mo ṣì ń pè wọ́n títí dòní. Wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, síbẹ̀ wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà tàwọn ti àpò ẹ̀gẹ́, wọ́n ń bá ọlọ́kadà jà pé kò fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbé e. Wọ́n ní àwọn wá jókòó ti àbúrò àwọn kí èmi lè máa lọ síbi iṣẹ́. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́, omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Ta ni mo tún ní tó lè ṣe irú èyí fún mi?

Wọ́n yọjú wo oúnjẹ àárọ̀ tí Bàbá Délé ò fọwọ́ kàn. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní kí n yéé ra láfún ọjà fún àbúrò àwọn, pé ìyẹ̀pẹ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti bó ẹ̀gẹ́, wọ́n ti rẹ ẹ́ sómi.

Ọjọ́ Ìsinmi, 15 Oṣù Òkúdu

Bátìrì kún bámúbámú lánàá! Oòrùn ràn láti àárọ̀. Gbogbo ìgbà ni mò ń lọ wo ojú ìnfátà tó ń fi bí bátìrì ṣe kún hàn, bí ẹni tó ń wo ọmọ ìkókó. Ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ mọ́jú láìdákẹ́. Nígbà tí mo ṣí fèrèsé láàárọ̀, Bàbá Délé ń sùn, ojú wọn tutù, èémí wọn ń lọ geere. Mo jó díẹ̀ nínú yàrá, èmi nìkan. Orókún mi ti ń san gbèsè rẹ̀ báyìí.

Ọjọ́rú, 18 Oṣù Òkúdu

Kò yé mi. Oòrùn ràn lánàá, kì í ṣe díẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé ń sá sábẹ́ igi. Mo délé, bátìrì ò dé ìdajì. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ lónìí tí ẹ̀rọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé iná ti fẹ́ tán. Mo gbé jẹnẹrétọ̀ síta, epo bẹntiróòlù tó sì wà nínú rẹ̀ wọ́n ju ẹran lọ báyìí. Èéfín rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé. Bàbá Délé wúkọ́ títí ojú wọn fi pọ́n, wọ́n ń juwọ́ sí mi pé kí n pa á. Mo pa á. A jókòó báyẹn títí oòrùn fi yọ, mo di ọwọ́ wọn mú, mò ń gbàdúrà láìlanu.

Ohun kan dùn mọ́ mi. Wọ́n jẹ láfún! Wọ́n fi ọbẹ̀ ilá jẹ ẹ́, wọ́n tún ní kí wọ́n fi díẹ̀ kún un. Láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní ọsibítù, mi ò rí i kí wọ́n bèèrè oúnjẹ. Láfún Adúmáadán funfun báláú. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sá a gbẹ nínú òjò báyìí. Tèmi ìbá ti bu.

Ẹtì, 20 Oṣù Òkúdu

Akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa gbé fóònù ẹni márùn-ún wá pé kí n bá àwọn fi iná sí i, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Mo ní kò sí iná. Ó wo gílóòbù tó ń tàn lókè orí mi, ó wo ojú mi. Wọ́n ti ń pè mí ní ahun báyìí, mo mọ̀. Kí wọ́n máa pè mí.

Ọjọ́ Ìsinmi, 22 Oṣù Òkúdu

Bátìrì tún kún lánàá. Bàbá Délé fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ lónìí. Wọ́n jókòó síbẹ̀ nígbà tí àwọn ìjọ ń kọrin ní òdìkejì títì, wọ́n sì ń gbè é lábẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ohùn básì wọn. Wọn ò lè parí ẹsẹ kan, ṣùgbọ́n wọn ò dákẹ́. Àwọn tó ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì wá ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá Délé wò mí, wọ́n ní, "Dinah, ṣé ìwọ náà rí i? Níbo ni Ọmọ́délé ti fẹ́ bá mi rí eléyìí?"

Mo lọ gbọn timutimu tí kò ní eruku.

Ọjọ́rú, 25 Oṣù Òkúdu

Ó tún ti ṣẹlẹ̀. Oòrùn lánàá, oòrùn lónìí, bátìrì ò mà kún. Mo pe Lukman tó bá wa to sólà sórí irin lẹ́yìn ilé ìdáná. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Ìlarò. Ó bi mí bóyá nǹkan kan ń ṣíji bo sólà. Ó ní wọ́n so wọ́n pọ̀ ni, pé bí nǹkan bá bo díẹ̀ nínú wọn, gbogbo wọn ló máa ṣàárẹ̀. Mo ní kí ló fẹ́ bò ó? Ẹ̀ka igi máńgòrò tó wà níbẹ̀, a ti gé e. Ó ní tí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ẹnì kan ń fa iná náà lò láìjẹ́ kí n mọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Mo jókòó, mo rò ó bí ẹni ń ṣe ìṣirò. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta àti Ìsinmi, bátìrì ń kún. Láàárín ọ̀sẹ̀, kì í kún. Ta ni kì í sí nílé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta àti Ìsinmi? Asiyah ni! Asiyah télọ̀ tó gba yàrá ẹ̀gbẹ́ lọ́wọ́ wa, tí mo fún ní gílóòbù kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ìrọ̀lẹ́ Ẹtì ló ń lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ, Ajé ló ń dé. Ìróònù rẹ̀ kò sì kéré.

Mo gbá a mú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Agẹmọ

Mo pe Asiyah sí iwájú ilé kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Mo sọ fún un pé mo mọ ohun tó ń ṣe, pé iná tó ń jí lò, èémí ẹni tó pè ní bàbá ni. Ọmọ náà wò mí. Ó wo ọ̀nà ilé ìdáná. Ó wá sọ orí kọ́, ó ní kí n má bínú. Kò ní òun ṣe é, kò ní òun ò ṣe é. Mo ní ojú ló ń tì í. Mo yọ gílóòbù rẹ̀, mo gé wáyà tó lọ sí yàrá rẹ̀.

Adúmáadán bi mí pé kí lọmọ ọlọ́mọ ṣe. Nígbà tí mo ṣàlàyé, wọ́n pòṣé, wọ́n ní àwọn ọmọ ayé òde òní ò bẹ̀rù Ọlọ́run.

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Agẹmọ

Asiyah ń fi iná fóònù ránṣọ lẹ́nu ọ̀nà, bátìrì ò sì kún síbẹ̀. Mo ní ó ti wá ọgbọ́n míì dá. Orí mi le, mo mọ̀.

Bàbá Délé ní kí n dá iná ọmọ náà padà. Mo bi wọ́n pé nítorí kí ni. Wọ́n ní kí n ṣáà dá a padà. Mi ò ṣe é, mo tiẹ̀ fìbínú jáde. Láàárọ̀ yìí, ètè wọn dúdú bí ẹni tó la èédú. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbàgbé àpò mi sílé, ìdajì ọ̀nà ni mo tó rántí.

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Agẹmọ

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Ìdánwò parí kíákíá, mo délé kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà wọlé torí pé iwájú ilé ti di ẹrọ̀fọ̀. Mo yí ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, mo dúró. Sólà wa funfun láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ ìyá arúgbó lè nà dé. Láfún ni. Adúmáadán dúró ti irin náà, wọ́n gbé agbọ̀n sí ìbàdí, wọ́n ń fi ọwọ́ yí àkúfọ́ ẹ̀gẹ́ náà padà lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó lè gbẹ tojú tẹ̀yìn. Wọ́n ń kọrin. Wọ́n rí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹ kú oòrùn, pé irú oòrùn yìí ò wọ́pọ̀ lóṣù yìí, pé ewúrẹ́ ò lè débí, eruku títì ò lè débí, àti pé gíláàsì náà ń gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí láfún fi ń gbẹ kí òjò tó dé.

Mo la ẹnu mi. Ohun tó jáde ni, "Ẹ kú iṣẹ́, Adúmáadán." Mo wọlé.

Ẹ ò rí mi? Èmi tí mò ń bá àwọn alábẹ̀wò ẹ̀kọ́ jiyàn lójú gbogbo olùkọ́! Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí, mi ò fẹnu mi bá ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wí rí. Kò sí ìyàwó ilé yìí tó ṣe é rí. Láti Ẹtì di ọjọ́ Ajé, ẹ̀gẹ́ wà nínú omi. Ní Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀, wọ́n ń sá a. Tó bá fi máa di Ẹtì, ó ti wà nínú àpò, wọ́n ti nu gíláàsì. Mo jókòó sétí ibùsùn. Fèrèsé Bàbá Délé kọjú sí ẹ̀yìnkùlé gbọọrọ, bí wọ́n ṣe dùbúlẹ̀ yẹn, wọ́n ń rí irin sólà láti ìdí dé orí.

Mo ní, "Ẹ ti ń rí i láti ọjọ́ yìí?"

Wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó pẹ́ kí wọ́n tó lè sọ ìyókù, torí èémí. "Ẹ̀gbọ́n mi ni, Dinah. Wọ́n fi ilé wọn sílẹ̀ nítorí mi. Ṣé kí n wá sọ fún wọn pé oúnjẹ tí wọ́n ń fún mi ló ń gba èémí lọ́wọ́ mi?"

Inú bí mi. Ó bí mi sí wọn, ó bí mi sí ara mi, mi ò tiẹ̀ mọ ẹni tí mo fẹ́ pariwo mọ́. Mo lọ bá Asiyah ní yàrá rẹ̀. Òun náà mọ̀. Ó ti rí i láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo bi í pé kí ló dé tó jẹ́ kí n pè é lólè. Ó ní bí ìyá ni Adúmáadán jẹ́ fún òun, kò sì tọ́ kí ayálégbé máa fi ẹnu ba àgbàlagbà nínú jẹ́ lójú ìyàwó ilé, pé ti olè tí mo pe òun, òun mọ̀ pé ó máa kọjá. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo fọwọ́ ara mi so wáyà náà padà. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní mi ò so ó dáadáa.

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Agẹmọ

Ọgbọ́n tí mo dá lónìí: mo ra tapólì ńlá kan lọ́jà, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú ilé ìdáná, mo ń yìn ín pé ibi tó dáa jù láti sá láfún nìyí. Adúmáadán gbàdúrà fún mi títí. Wọ́n wá fi tapólì náà bo igi ìdáná kí òjò má bàa pa á.

Mo ní irin sólà lè gbá wọn mú pẹ̀lú iná. Wọ́n ní àwọn ti ń fọwọ́ kàn án láti oṣù tó kọjá, kò gbá àwọn mú rí.

Ọgbọ́n tán.

Ọjọ́ Ìsinmi, 13 Oṣù Agẹmọ

Mo fi kànìnkànìn fọ gíláàsì náà lánàá. Àṣé ìyẹ̀fun láfún ti lẹ̀ mọ́ ọn lára bí ògì gbígbẹ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìkòkò. Bátìrì kún. Mo ní tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé màá sọ ọ́. A dé, wọ́n bu oúnjẹ fún mi, wọ́n fi ẹran tó tóbi jù sí tèmi. Mi ò sọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 Oṣù Agẹmọ

Ọlọ́run ṣàánú mi.

Mo ti iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, mo gbọ́ ẹ̀rọ tó ń ké kí n tó dé ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, kò ké mọ́. Iná ti tán pátápátá, ilẹ̀ ò sì tíì ṣú. Bàbá Délé jókòó sórí ibùsùn, ẹnu wọn là sílẹ̀, ojú wọn dà bí eérú. Adúmáadán dì wọ́n mú láti ẹ̀yìn, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn, wọ́n ń pè wọ́n ní orúkọ tí mi ò gbọ́ rí, orúkọ ìgbà èwe wọn. Asiyah ti gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sẹ́yìn igi máńgòrò kí èéfín má bàa wọlé, ó ti fi wáyà gígùn ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ so ó mọ́ ẹ̀rọ èémí. Ó fa okùn jẹnẹrétọ̀ náà títí ó fi dáhùn. Ẹ̀rọ èémí tún bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, àwọ̀ wọn ń padà bọ̀.

Nígbà náà ni Adúmáadán bi mí pé kí ló ń ṣe ẹ̀rọ yìí tí kì í lè ṣiṣẹ́ tó. Wọ́n ní kí n pe ẹni tó tà á fún wa, ká dá a padà fún un.

Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn. "Adúmáadán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ń bọ́ sórí gíláàsì yẹn ni ẹ̀rọ yìí ń jẹ. Bí láfún bá bò ó, kò sí èémí fún àbúrò yín."

Wọ́n ní àwọn fọwọ́ kan abẹ́ gíláàsì náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gbóná, àwọn sì rò pé ooru ló ń gbà. Láfún kì í gba ooru lọ. Wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún mi pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó fẹ́ kí n rí i pé àwọn ti rò ó kí àwọn tó ṣe é. Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí pé ta ló mọ̀. Mi ò lè purọ́. Mo ní èmi, láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n wo Asiyah, Asiyah wolẹ̀. Wọ́n yíjú sí ibùsùn.

"Caleb, ìwọ náà?"

Bàbá Délé pa ojú dé.

"Gbogbo yín mọ̀," ni wọ́n wí. Wọn ò pariwo. "Ẹ wá ń wò mí, tí mò ń fi ọwọ́ ara mi pa á."

Wọ́n jáde. A gbọ́ tí wọ́n ń kó láfún kúrò, nínú òkùnkùn tó ti ń ṣú, lẹ́yọ lẹ́yọ.

Ọjọ́rú, 16 Oṣù Agẹmọ

Mi ò lọ síbi iṣẹ́. Adúmáadán ti di ẹrù wọn. Mo gbé omi lọ bá wọn, mo dọ̀bálẹ̀ gan-an, èmi obìnrin, torí kíkúnlẹ̀ ò tó mi mọ́. Mo ní bí ojú bá ń tì wọ́n, kò yẹ kó tì wọ́n, àwa la jẹ̀bi.

Wọ́n ní, "Ojú ò tì mí nítorí ohun tí mo ṣe. Mi ò mọ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ kà mí sí ẹni tí wọn ò lè bá sọ̀rọ̀. Ṣé mo ti kú ni?"

Mo sunkún. Wọ́n jẹ́ kí n sun ún tó. Lẹ́yìn náà wọ́n dìde, wọ́n mú kànìnkànìn, wọ́n ní kí n wá fi bí wọ́n ṣe ń fọ ọ́ han àwọn. A jọ fọ̀ ọ́ ni. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n ti tú ẹrù wọn.

Ẹtì, 18 Oṣù Agẹmọ

Orí àjà ilé ìdáná ni láfún ń gbẹ báyìí, èéfín ti sọ ọ́ di aláwọ̀ eérú. Bàbá Délé jẹ ẹ́, wọ́n ní ó ń rùn bí ẹja gbígbẹ. Adúmáadán ní kí wọ́n panu dé kí wọ́n jẹun. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí látọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín nínú ilé yìí.

Ọjọ́bọ̀, 24 Oṣù Agẹmọ

Òjò láti ọjọ́ Ajé. Kì í tilẹ̀ ṣe òjò ńlá, ó kàn ń ṣẹ́ wínníwínní, ojú ọ̀run sì ṣú dùdù. Gíláàsì mọ́ tónítóní, kò rí oòrùn gbà. Gílóòbù kan ṣoṣo là ń tàn. Asiyah yọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ó gbé e wá fún mi. Síbẹ̀ ẹ̀rọ ń dákẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò sí ẹni tí mo lè bá jà lórí ti òjò.

Àbámẹ́ta, 26 Oṣù Agẹmọ

Àná la parí sáà. Àwọn ọmọ iléèwé kọrin ìdágbére ìsinmi fún mi, mo gbọ́ ọ bí ẹni pé ẹlòmíì ni wọ́n ń kọ ọ́ fún.

Ọmọ́délé dé láàárọ̀. Ó kí wa, ó jókòó ti bàbá rẹ̀, ó wo ẹ̀rọ, ó wo ìnfátà. Ó bá wa jẹun tán. Lẹ́yìn náà ló bi mí, lójú gbogbo wa, bóyá iná ilé yìí ń gbé bàbá òun di àárọ̀.

Bàbá Délé ń wò mí. Mo mọ ìwò yẹn. Wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n sọ pé ó ń gbé e. Ó sì ti wà lẹ́nu mi. A dúpẹ́, kò sí wàhálà, a ń ṣe é bọ̀. Bí wọ́n ṣe ń dáhùn nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń bo ilé ẹni láṣìírí nìyẹn. Mo rí Adúmáadán lórí àga kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn. Àwọn náà ń wò mí.

Mo ní, "Rárá. Kì í gbé wọn di àárọ̀. Tí oòrùn bá ràn, ó ń gbé wọn. Tí kò bá ràn, mò ń jókòó tì wọ́n, mò ń ka èémí wọn. Ẹ̀rù ń bà mí, Ọmọ́délé. Mo ti ṣe gbogbo ohun tí mo mọ̀, kò tó."

Bàbá Délé kọjú sógiri, bí wọ́n ṣe ṣe lọ́jọ́sí. Adúmáadán rọra na ọwọ́, wọ́n fi kan èjìká mi, wọ́n sì gbé e kúrò.

Ọjọ́ Ìsinmi, 27 Oṣù Agẹmọ

Bàbá Délé ò bá mi sọ̀rọ̀ láti àná. Ní ìrọ̀lẹ́ yìí, nígbà tí mò ń tún ìrọ̀rí ṣe fún wọn, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní ó dun àwọn gan-an. Wọ́n ní òótọ́ sì ni mo sọ. Wọ́n máa lọ, ṣùgbọ́n títí òjò fi máa dá nìkan ni o, kí Ọmọ́délé gbọ́ ọ dáadáa. Ọmọ́délé ní òun ti gbọ́.

Ọjọ́ Ajé, 28 Oṣù Agẹmọ

A ti múra. Adúmáadán ò bá wa lọ. Wọ́n ní kò yẹ kí ilé wà láìsí ẹni tí wọ́n bí sínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ní àwọn náà, inú ilé yìí ni wọ́n bí àwọn sí, ṣé mo ti gbàgbé ni. Mo ti gbàgbé lóòótọ́. Asiyah máa wà pẹ̀lú wọn. Wọ́n dúró sétí mọ́tò, wọ́n ń ti aṣọ ìbora mọ́ ẹsẹ̀ àbúrò wọn, wọn ò sunkún. Nígbà tí a yí kọ́nà, mo wẹ̀yìn, wọ́n ṣì dúró síbẹ̀.

Ìbàdàn, Ọjọ́rú, 6 Oṣù Ògún

Iná kì í lọ níbí lóòótọ́. Fìríìjì ń kùn, fáànù ń yí, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ̀rọ èémí ò ké rí. Bàbá Délé ń sùn dáadáa. Wọn kì í wo tẹlifíṣọ̀n náà. Fèrèsé wọn kọjú sí ògiri ilé ẹlòmíì.

Asiyah pè lọ́sàn-án yìí, ó gbé fóònù fún Adúmáadán. Wọ́n kí mi, wọ́n kí Ọmọ́délé, wọ́n bèèrè ohun tí a jẹ. Asiyah ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé wọ́n ń fọ gíláàsì láràárọ̀, pé wọn kì í jẹ́ kí ewúrẹ́ tiẹ̀ sùn sábẹ́ rẹ̀, àti pé wọ́n kọ̀ kí wọ́n tan gílóòbù kankan, ìmọ́lẹ̀ àtùpà ni wọ́n ń lò nínú ilé tí bátìrì rẹ̀ kún dẹ́nu.

Mo gbé fóònù sétí Bàbá Délé. Èémí wọn ò tó ọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí náà ẹyọ ohun kan ni wọ́n bèèrè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé oòrùn ń ràn níbẹ̀?"

Mo gbọ́ ohùn Adúmáadán kedere, bí ẹni pé inú yàrá yìí ni wọ́n wà.

"Ó ń ràn. Mi ò sá nǹkan kan sí i. Gbogbo rẹ̀ ni mò ń tọ́jú dè ọ́."